Fọ́tò 24 nínú ìwé pẹlẹbẹ kan: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Kétu

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá: ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 20, ìwọ̀n A5, fọ́tò 24 nínú rẹ̀, ẹ̀dà 60. Ẹni tó ni iṣẹ́: Bàbá Tísà kan ní àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Irinṣẹ́: kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Windows 10 àti Word 2016 tó ń sọ Faransé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ní síkánà lórí, fóònù Android, clé USB, rúlà, páálí àti ẹ̀rọ ìgánwèépọ̀ kékeré. Mo kọ orúkọ àwọn bọ́tìnì sílẹ̀ ní Faransé bí wọ́n ṣe wà lójú ẹ̀rọ, torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń rí wọn níhìn-ín.

1. Ohun tí mo bá nínú fáìlì

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò ní wàhálà kankan. Bàbá Tísà kọ nípa ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, nípa bí ọmọ ogun Dàhòmì ṣe fọ́ Kétu ní 1886, nípa ààfin Alákétu, àti nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001, tó sì wọ inú àkójọ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé ní 2008. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan ní Kútọnu ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, ó to fọ́tò sí i, ó sì fi clé USB rán ẹnì kan wá. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní ó dára. Lórí tèmi, àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe ìwé náà.

Níbì kan, àpótí funfun ló wà níbi tó yẹ kí fọ́tò wà, X pupa nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó ń sọ pé àwòrán tí wọ́n so mọ́ ibẹ̀ kò ṣeé fi hàn. Níbòmíràn, fọ́tò wà lóòótọ́, àmọ́ ó yọ bí ìlà tín-ín-rín lásán, ojú ò lè dá a mọ̀ bóyá orí ni tàbí ẹsẹ̀. Èyí tó kù ló burú jù: àwọn fọ́tò ń sá. Bí mo bá tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan péré lójú ewé 3, fọ́tò ojú ewé 5 á fò lọ sí 6, á lọ jókòó lé ọ̀rọ̀ lórí, tàbí kó sá wọ abẹ́ fọ́tò mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fáìlì náà wúwo tó mẹ́gà 71. Tí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, a ó ti fọwọ́ lẹ́rán ká tó rí i kó dáhùn.

Bàbá Tísà sọ fún mi pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ sáà bá mi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀.”

Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ti ń ṣe nìyẹn. Ẹ ti ọ̀kan padà, méjì á kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú wọn kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ wọ́n gbà.

2. Títú u palẹ̀

Fáìlì .docx, àpò zip ni lábẹ́ aṣọ. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, mo yí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà láti .docx sí .zip (Windows á kìlọ̀ fún yín, ẹ ní ẹ gbọ́), mo ṣí i, mo wọ fọ́dà tó ń jẹ́ word, mo sì wọ èyí tó ń jẹ́ media nínú rẹ̀. Gbogbo fọ́tò tó wà nínú ìwé ní tòótọ́, ibẹ̀ ló ń gbé: image1.jpeg, image2.jpeg, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n wọlé. Mo ka 15. Mo kó wọn jáde síta.

A jẹ́ pé 9 kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn oní X pupa ni. Nígbà tí ẹni tó tò ó fẹ́ fi wọ́n sí i, ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì Insérer ló tẹ̀, ó yan Lier au fichier. Bí ẹ bá yan ìyẹn, Word kì í gbé fọ́tò wọlé; àdírẹ́sì ibi tí fọ́tò wà ló máa kọ sílẹ̀. Fọ́tò wà ní Kútọnu, ìwé wà ní Kétu. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i ju kí wọ́n tún àwọn 9 náà fi ránṣẹ́ lọ.

Mo wá padà sínú ìwé láti kó fọ́tò kúrò. Èyí tó wà láàárín ọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà, mo fi ibi ìwákiri-àti-ìpààrọ̀ (Ctrl+H) kó wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ kọ ^g síbi ìwákiri, ẹ kọ [FỌ́TÒ] síbi ìpààrọ̀. Àwọn tó ń léfòó kò gbọ́ ìyẹn. Fún wọn, mo ṣí Volet Sélection, tó máa ń to orúkọ gbogbo ohun tó léfòó lójú ewé kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí kan èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ òmíràn. Abẹ́ fọ́tò ààfin lójú ewé 8 ni mo ti bá fọ́tò kan náà tí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láìmọ̀.

Bàbá Tísà jókòó tì mí, a jọ fi nọ́ńbà sí gbogbo àmì náà, [FỌ́TÒ 01] dé [FỌ́TÒ 24]. Nọ́ńbà yẹn náà ni mo fi sọ orúkọ fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan nínú fọ́dà kan: 01-enubode.jpg, 02-yara.jpg. Mi ò fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì, kó má bàa ṣe wàhálà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

3. Ojú ewé kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró

Ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ máa fi fọ́tò sí i. Mo ní kó sinmi. Orí A4 ni wọ́n tẹ ìwé náà sí, wọ́n sì ń rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò bá wọn sọ ọ́ di kékeré. Tí a bá to fọ́tò sórí A4, tí a wá yí i sí A5 lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Nítorí náà: A5, 14,8 lọ́nà 21 sẹ̀ǹtímítà. Etí inú 2, etí ìta 1,5. Ó ku 11,3 sẹ̀ǹtímítà fún ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 11,3 yìí ni mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ sára ògiri, torí òun ni gbogbo ìṣirò tó kù jókòó lé.

4. Àwọn fọ́tò tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi púpọ̀

Àwọn 9 tó kù dé ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan gba WhatsApp wá. Bí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà, WhatsApp á dín in kù. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ píksẹ́lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 1600 lọ́nà 1200. Ṣé ìyẹn tó? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Sẹ̀ǹtímítà 2,54 ni ínṣì kan. 11,3 pín sí 2,54 jẹ́ 4,45. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáa ń fẹ́ píksẹ́lì 300 fún ínṣì kan. 4,45 lọ́nà 300 jẹ́ nǹkan bíi 1335. Fọ́tò tó dùbúlẹ̀, tó ní 1600 ní ìbú, ó tó, ó ṣẹ́ kù. Èyí tó dúró, tó ní 1200 ní ìbú, á fún wa ní nǹkan bíi 270 fún ínṣì kan, kò burú. Àmọ́ ọ̀kan wà tí ẹnì kan ti ya láti ojú fóònù rẹ̀ dípò kó fi fọ́tò gan-an ránṣẹ́. 720 péré ni ìbú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 162 fún ínṣì kan, ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ inú rẹ̀ sì yọ bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. A dá a padà. A ní kí ẹni náà fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document nínú WhatsApp, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, ó sì dé pẹ̀lú 4000 lọ́nà 3000.

Àwọn kan ti Faransé wá, láti orí iPhone, ìparí orúkọ wọn sì jẹ́ .heic. Word mi kò mọ̀ ọ́n rí. Dípò kí n máa wá ohun tó ń yí i padà kiri íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n sọ fún àbúrò Bàbá lọ́hùn-ún kó wọ Réglages, Appareil photo, Formats, kó yan Le plus compatible, kó tún àwòrán ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yà. JPEG ló dé lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn tó kù jẹ́ fọ́tò orí bébà, tí Bàbá Tísà yọ láti inú álíbọ́ọ̀mù wọn. Fọ́tò 9 lọ́nà 13, mo fi síkánà 300 gbà á: 13 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ nǹkan bíi 1535 píksẹ́lì, ó tó. Àmọ́ ọ̀kan jẹ́ fọ́tò pélébé irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ káàdì, 3,5 lọ́nà 4,5, bàbá wọn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó jáde ní 7 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú. Pẹ̀lú 300, píksẹ́lì 413 péré ló ní, tí a bá fà á dé 7 ó ti di 150 fún ínṣì kan. Mo gbé síkánà lọ sí 600, ó di 827, ìyẹn sì fún wa ní 300 gẹ́ẹ́ ní 7 sẹ̀ǹtímítà. Kí ẹ tó fi fọ́tò àtijọ́ sórí gíláàsì síkánà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì náà. Eruku ọ̀nà wa níhìn-ín pupa, gbogbo ẹyọ rẹ̀ ló máa ń jáde.

5. Dídín wọn kù kí wọ́n tó wọlé

Fọ́tò 4000 lọ́nà 3000 wúwo tó mẹ́gà 4 sí 5. Ojú ewé tó gba 1335 kò fi 4000 ṣe nǹkan kan. Mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú Paint, Redimensionner, mo yan Pixels, mo fi ìbú sí 1400, mo rí i dájú pé àpótí tó ń mú gíga àti ìbú dọ́gba ní àmì, mo sì fi pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí JPEG nínú fọ́dà mìíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí nǹkan bíi kílóbáìtì 350. Àwọn ojúlówó wà nínú fọ́dà tiwọn, a ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Word 2016 máa ń fún fọ́tò pọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń pa ìwé mọ́, ó ń dín in sí 220 fún ínṣì kan. Nínú fáìlì àkọ́kọ́, ẹnì kan ti ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mẹ́gà 71 fi wáyé. Èmi náà sọ fún un pé kó má ṣe é (Fichier, Options, Options avancées, abala àwòrán), torí mo ti dín tèmi kù sí ìwọ̀n tí mo fẹ́, mi ò fẹ́ kó tún un dín.

6. Ìfisínú, àti ìlà tín-ín-rín yẹn

Mo lọ sí [FỌ́TÒ 01], mo pa àmì náà rẹ́, Insertion, Images, mo yan fáìlì 01. Fọ́tò yọ bí ìlà tín-ín-rín.

Fọ́tò kò ní àrùn, àárín ìlà ọ̀rọ̀ ló ní. Ẹni tó tẹ ìwé náà ti fi àlàfo ìlà sí Exactement, 14 pt (pt ni a fi ń wọn gíga lẹ́tà). Word gbà bẹ́ẹ̀: ìlà kankan kò gbọdọ̀ ga ju 14 pt lọ. Fọ́tò tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì jẹ́ lẹ́tà ńlá kan lójú Word. Wọ́n fún un ní ìwọ̀n lẹ́tà kékeré, ó fi etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ jáde. Tí a bá yí àlàfo ìlà náà sí Simple, fọ́tò á là gbàgà.

Mi ò fẹ́ máa yí i níkọ̀ọ̀kan. Mo dá style kan sílẹ̀, ìyẹn àkójọ ìlànà bí ìpínrọ̀ ṣe máa rí, mo pè é ní Foto: ó wà láàárín, àlàfo ìlà rẹ̀ Simple, 6 pt lókè, 3 pt nísàlẹ̀, mo sì fi àmì sí Paragraphes solidaires kó má bàa fi orúkọ àwòrán sílẹ̀ lójú ewé kan kí fọ́tò lọ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà, fọ́tò tó bá wọlé, mo kàn fi Foto sí ìlà rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló tọ́ka sí i pé mo lè fi Foto sí gbogbo ìlà tí àmì [FỌ́TÒ] wà kí fọ́tò tó dé. Ó tọ́. Èyí tó kù wọlé wẹ́rẹ́.

Ìbú gbogbo fọ́tò ni mo kọ sínú àpótí ìwọ̀n lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, 11,3 tàbí 7. Mi ò fi máòsì fà á. Bí ẹ bá máa fà á, igun ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó bá di àárín ẹ̀gbẹ́ mú, Alákétu á sanra lọ́wọ́ kan tàbí kó ga gogoro.

7. Ìdí tí wọ́n fi ń sá

Fọ́tò Alákétu lójú ewé 4, Bàbá Tísà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí i ká, bí ti ìwé ìròyìn. Mo gbìyànjú rẹ̀: Habillage, Carré, ìbú 5 sẹ̀ǹtímítà. Mo tẹ bọ́tìnì ¶ kí àmì tó fara pamọ́ lè hàn. Bí mo ṣe tẹ fọ́tò náà, ìdákọ̀ró kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kan. Ìpínrọ̀ tí ìdákọ̀ró bá wà, òun ni olówó fọ́tò náà. Tí ìpínrọ̀ yẹn bá sún lọ sójú ewé tó kàn, fọ́tò á tẹ̀lé e, ì báà jẹ́ pé ojú yín rí i lókè ojú ewé. Nínú fáìlì àkọ́kọ́, fọ́tò márùn-ún ló ní ìdákọ̀ró sórí ìpínrọ̀ kan náà. Enter kan, gbogbo wọn dìde pọ̀ bí ẹyẹ.

Mo lè fa ìdákọ̀ró sí ìpínrọ̀ tó yẹ, mo sì ṣe é. Àmọ́ ó ku ẹjọ́ kan. 11,3 yọ 5 kúrò, ó ku nǹkan bíi 6 fún ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó gùn sì kún inú ìpínrọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti mú etí méjèèjì dọ́gba. Àlàfo ńláńlá là láàárín ọ̀rọ̀, ìlà kan ní ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo fi etí òsì nìkan mú un, ó sàn díẹ̀, kò sàn tó. Bàbá Tísà wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹ gbé Kábíyèsí sí àárín, kí ọ̀rọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀.” Aligné sur le texte, ìyẹn láàárín ọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà, ni fọ́tò Alákétu wà báyìí, bíi ti gbogbo àwọn tó kù. Lójú tèmi, ìwé A5 kò gba Carré.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba àtẹ. Fọ́tò mẹ́rin ìwọ̀n kan náà lójú ewé kan: mo fi àtẹ oníhò mẹ́rin sí i, òpó méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 5,65 sẹ̀ǹtímítà, mo sì yọ ìlà etí rẹ̀ kúrò. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, Word máa ń fi 0,19 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ku 5,27. Mo fi fọ́tò sí 5,2. Fọ́tò tó kọ́kọ́ wọlé fẹ òpó rẹ̀ débi pé èkejì fún pọ̀ mọ́ etí. Ẹ lọ sí ohun-ìní àtẹ náà, Options, ẹ yọ àmì kúrò níbi tó ti ń jẹ́ kí ihò máa fẹ̀ bí ohun inú rẹ̀ bá ṣe fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn òpó kò mì mọ́.

8. Gígé

Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè dọ́gba, mo gé wọn: Format, Rogner, mo sì yan 3:4 nínú ọfà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò náà ṣeé gbé kiri lábẹ́ fèrèsé gígé náà títí tí ojú àwòrán á fi bọ́ sí àárín. Nínú fọ́tò 11, igi gbígbẹ́ tó wà lókè orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ga. 3:4 gé òkè rẹ̀ dànù.

“Ìyá Ìbejì, ẹ ti gé ohun tí a tìtorí rẹ̀ ya fọ́tò!”

Òótọ́ ni. Ohun tó wà lókè orí lọ́hùn-ún ló ń sọ̀rọ̀, aṣọ ìsàlẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Mo gbé fọ́tò náà wálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ, kí orí wà. Fún àwọn mẹ́ta tó kù mo tún ṣe bákan náà, kí ojú wọn lè wà ní gíga kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa gígé tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nínú fọ́tò 13, lápá ẹ̀yìn, ọkùnrin kan jókòó tí ó ń mu ọtí. Ó ti bẹ Bàbá Tísà pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun yọ nínú ìwé àwọn ọmọdé. Mo gé e kúrò, kò hàn mọ́. Àmọ́ Word kò jù ú nù. Ó bò ó lásán ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fáìlì náà, tó tẹ Rétablir l'image et la taille, ọkùnrin yẹn á padà jókòó ti ìgò rẹ̀. Àwa sì fẹ́ fún ilé-ìwé ní fáìlì. Nítorí náà: Compresser les images, mo fi àmì sí ibi tó ní kó pa apá tí a gé rẹ́, mo yọ àmì kúrò níbi tó ní fọ́tò yìí nìkan, mo sì fi ìwọ̀n píksẹ́lì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo pa á mọ́, mo tì í, mo tún un ṣí, mo tẹ Rétablir. Kò padà wá. Ẹ jẹ́ kí èyí kẹ́yìn gbogbo gígé, torí kò sí pé a tún rò ó wò lẹ́yìn rẹ̀.

9. Àkàbà Ìdènà àti àwọn ọfà

Èyí ló gba àkókò jù. Lórí fọ́tò ẹnubodè náà, Bàbá fẹ́ ọfà mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ: ilẹ̀kùn òde, ilẹ̀kùn inú, ògiri amọ̀. Mo ya ọfà sórí fọ́tò pẹ̀lú Formes. Ó dára, títí a fi fi ìlà kan kún ọ̀rọ̀ tó wà lókè. Fọ́tò sún wálẹ̀, ọfà dúró síbi tó wà, ó ń tọ́ka sójú ọ̀run.

Mo ní kí n so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú Grouper. Grouper kò tan iná: fọ́tò tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kò ṣeé so mọ́ ọfà. Kí ó tó lè ṣeé so, ó di dandan kó léfòó, a sì ti sá fún ìyẹn. Ohun tó yanjú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú Formes: Nouvelle zone de dessin. Ó ń fún wa ní pákó kan tó lè wà láàárín ọ̀rọ̀. Mo fi fọ́tò sínú pákó náà, mo ya ọfà àti àpótí ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, mo sì ní kí pákó náà fún mọ́ ohun inú rẹ̀. Ibi tí pákó bá lọ, gbogbo wọn ń lọ. Ọfà dúdú kò hàn lára ògiri. Mo fi funfun ṣe é, 2,25 pt, pẹ̀lú òjìji díẹ̀.

10. Orúkọ abẹ́ àwòrán

Ní Références, Insérer une légende. Word fẹ́ máa kọ Figure. A dá orúkọ tiwa sílẹ̀ níbẹ̀, Àwòrán, ó sì ń ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Tí a bá pa ọ̀kan rẹ́ tàbí tí a fi ọ̀kan sáàárín, Ctrl+A, F9, nọ́ńbà á tò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

11. Àwọ̀ àti owó

Ẹ̀rọ wa ń tẹ dúdú-àti-funfun ní 25 F (owó CFA) fún ẹ̀gbẹ́ bébà A4 kan, aláwọ̀ ní 250 F. Ojú ewé 20 lórí A5 tí a ká sí méjì, bébà A4 márùn-ún ni, ẹ̀gbẹ́ 10. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀: 2 500 F fún ìwé kan, 150 000 F fún 60. Bàbá Tísà dákẹ́.

Mo mú bébà márùn-ún, mo ká wọn, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo tú wọn. Bébà àárín ní 9, 10, 11 àti 12. Bébà ìta ní 20 àti 1 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 2 àti 19 ní èkejì. A gbé gbogbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí kò ṣeé rí láìsí àwọ̀, lọ sí 9 dé 12, a sì fi ẹnubodè aláwọ̀ sí èèpo ìwé. Ó di: èèpo 250 àti 25, àárín 500, bébà mẹ́ta tó kù 150. Lápapọ̀ 925 F. Fún 60, 55 500 F. Ojú Bàbá là.

Àwọn fọ́tò ojú ewé dúdú, mo fi Couleur sọ wọ́n di Nuances de gris kí n lè rí i lójú ẹ̀rọ bí wọn yóò ṣe rí. Àwọ̀ wa àti igi gbígbẹ́ máa ń di dúdú kan náà lórí bébà. Corrections, ìmọ́lẹ̀ +20 %, ojú sì yọ. +40 sọ agbádá funfun di òfìfo, a padà sí +20.

12. PDF àti títẹ̀

Exporter, PDF, Standard. Ẹ má yan Taille minimale, ó ń ba fọ́tò jẹ́. Ìwé Word wá sí mẹ́gà 9 dípò 71. Láti inú Adobe Reader ni mo ti tẹ̀ ẹ́: Livret, tó ń to ojú ewé bí ti ìwé tí a ká sí méjì, ojú méjèèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò láti inú Word, ẹ̀yìn bébà dojú délẹ̀ torí ẹ̀rọ ń yí i ní etí gígùn; etí kúkúrú ni kí ó máa gbà yí i. Bébà kan ló bà jẹ́.

Ẹ̀rọ ìgánwèépọ̀ kékeré kò dé àárín A4. Mo ṣí i gbalaja, mo fi ìwé lé orí páálí, mo tẹ̀ ẹ́ lu páálí, mo yọ ọ́, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ ẹsẹ̀ irin náà wálẹ̀. Irin méjì fún ìwé kan.

A ti ká gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí Bàbá Tísà mú fọ́tò mìíràn wá fún ojú ewé 15, èyí tí ojú wọn mọ́ jù. Nínú Word, mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí ti tẹ́lẹ̀, mo ní kó pààrọ̀ àwòrán, ìwọ̀n àti ipò kò yí padà, ojú ewé kankan kò sún. Ojú ewé 15 wà lórí bébà kan náà pẹ̀lú 5, 6 àti 16, nítorí náà bébà kẹta nìkan la tún tẹ̀, tí a sì pààrọ̀: 50 F lọ́nà 60, 3 000 F. Wọ́n san án.